Idà kúkúrú àwọn ológun àtijọ́: èèkù ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ra idà ológun àtijọ́ máa ń wo àwọ̀ rẹ̀ kó tó wo ohun mìíràn. Bí idẹ bá ti ṣú, tí irin sì ti dógùn-ún, wọ́n á ní ó ti pẹ́. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò sóhun tó yá oníṣẹ́ ayédèrú lára bíi kó sọ idà tuntun di arúgbó: omi iyọ̀ tàbí ásíìdì ti tó. Èèkù ló ṣòro láti fi tan ẹni tó mọ̀ ọ́n jẹ.

Méjì ló wọ́pọ̀ jù lọ́jà. Ọ̀kan ni ti àwọn ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ Faransé, ọdún 1831. Irin rẹ̀ gùn tó nǹkan bíi 48 sẹ̀ǹtímítà, ó mú lójú méjèèjì, èèkù rẹ̀ sì jẹ́ idẹ tó ní òrùka-òrùka yí ká. Òǹtẹ̀ ilé iṣẹ́ Châtellerault tàbí ti ilé iṣẹ́ Talabot ní Paris ni ẹ ó máa bá pàdé. Èkejì ni ti àwọn oníbọn àgbá Amẹ́ríkà, ọdún 1832, tí ilé iṣẹ́ Ames ní Massachusetts ṣe. Ti Faransé 1816 ni wọ́n wò ṣe é: ìyẹ́ tò lára èèkù, ẹyẹ idì wà lórí rẹ̀, ìṣó mẹ́ta gún un kọjá, irin rẹ̀ sì jẹ́ íǹṣì 19.

Ayédèrú rèé: wọ́n á tẹ èèkù ojúlówó sínú yanrìn, wọ́n á wá da idẹ yíyọ́ sójú ibẹ̀. Ṣùgbọ́n idẹ máa ń sún kì tó bá tutù, bíi 1.5 nínú 100. Èèkù tó jẹ́ mílímítà 150 á di nǹkan bíi 148. Nítorí náà, ẹ gbé kálípà (irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń wọn nǹkan pẹ́pẹ́), kí ẹ wọn gígùn èèkù, fífẹ̀ rẹ̀ àti idẹ tó dábùú lábẹ́ rẹ̀, kí ẹ fi wé ìwọ̀n idà tó dájú ní mùsíọ́mù. Bí ibì kan ṣoṣo bá kéré, ó lè jẹ́ pé wọ́n fi fáìlì rẹ́ ẹ ni. Bí gbogbo rẹ̀ bá kéré ní ìwọ̀n kan náà, ẹ dá a padà fún olówó rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ mú awò tó ń sọ nǹkan di ńlá. Lára ojúlówó, etí ìyẹ́ kọ̀ọ̀kan máa ń hàn ketekete. Lára àdàkọ, ó máa ń rí bí ọṣẹ tí wọ́n ti lò. Ẹ wo orí ìṣó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà. Ìlà tín-ín-rín yẹ kó yí i ká. Bí kò bá sí, á jẹ́ pé wọ́n dà á pọ̀ mọ́ idẹ ni. Òòfà ń ranni lọ́wọ́ díẹ̀: bó bá lẹ̀ mọ́ èèkù, ó lè jẹ́ irin tí wọ́n fi idẹ bò. Bí kò bá lẹ̀, kò tíì fi ohunkóhun hàn.

Bí ẹ bá rí lẹ́tà CS, tó túmọ̀ sí pé ti àwọn ìpínlẹ̀ Gúúsù ni nígbà ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà (1861 sí 1865), ẹ fura gidigidi. Owó gọbọi ni lẹ́tà méjì yẹn ń fi kún iye idà, ìdí nìyẹn tí òǹtẹ̀ náà fi pọ̀ ju idà lọ. Inú lẹ́tà yẹ kó ṣú bí ara idẹ yòókù.

Ní ti ìtọ́jú, ẹ má fi oògùn ìfọ-idẹ tó ní amóníà kàn án. Ó lè mú kí idẹ fẹ́lẹ́ẹ́ẹ́ sán. Ẹ fi aṣọ funfun nu irin náà: bó bá gba àwọ̀ ọsàn, ìdógùn-ún náà ṣì ń jẹ ẹ́. Ẹ kán epo ẹ̀rọ fúyẹ́ sí i, kí ẹ fi kànìnkànìn onírin tí wọ́n kọ 0000 sí lára rà á lọ gbọọrọ, ẹ má rà á yípo. Ẹ nu epo kúrò, kí ẹ wá fi Renaissance Wax, ìda tí wọ́n fi ń dáàbò bo irin, pa á fẹ́lẹ́.

Ẹ má tọ́jú idà sínú akọ̀ aláwọ. Awọ ń fa ọ̀rinrin, ásíìdì tí wọ́n fi ṣe é sì ń jẹ irin. Ẹ tẹ́ wọn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn níbi tí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ wà láàárín 45 sí 55 nínú 100. Awọ tó ti gbẹ ti sún kì, nítorí náà idà lè má wọlé tán mọ́. Ẹ má tì í, torí ojú rírán tó wà lẹ́yìn akọ̀ ló máa kọ́kọ́ ya.