Ohun Tí Mò Ń Tò Sórí Tábìlì Kí Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Tó Wọlé

Ilé ẹ̀kọ́ girama kan nílùú Ẹ̀pẹ́ ni mo ti ń tọ́jú láàbù. Olùkọ́ ló ń kọ́ àwọn ọmọ; èmi ni mò ń po kẹ́míkà, tí mò ń fọ ìgò, tí mo sì ń to ohun èlò sílẹ̀ dè wọ́n. Bí ọdún ti ń gorí ọdún ni ó túbọ̀ ń yé mi pé níbi tí mo ti ń to nǹkan wọ̀nyí ni a ti ń mọ ọmọ tí yóò ṣe iṣẹ́ náà láìfarapa, àti èyí tí yóò kàn dúró máa wòran.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, ẹnu ni gbogbo wa fi ń fa kẹ́míkà sínú pípẹ́ẹ̀tì, ọ̀pá gíláàsì oníhò tí a fi ń wọn omi kẹ́míkà, nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ àwa náà. Lọ́jọ́ kan, ọmọbìnrin kan ń fa sodium hydroxide, èyí tí àwọn aṣeọṣẹ ń pè ní kọ́sítíìkì. Ìdí pípẹ́ẹ̀tì yọ kúrò nínú omi náà, afẹ́fẹ́ wọ̀ ọ́, ohun tó ti fà sì tú sí i lẹ́nu lẹ́ẹ̀kan náà. A fi omi yọ ẹnu rẹ̀ títí, a sì gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ọlọ́run bá wa ṣe é, kò gbé e mì. Ṣùgbọ́n èmi ni mo gbé pípẹ́ẹ̀tì náà lé e lọ́wọ́, n kò sì jẹ́ gbàgbé bí ó ṣe ń wò mí. Láti ọjọ́ náà, rọ́bà tí a ń tẹ̀ ni a fi ń fà á. Bí rọ́bà kò bá kárí, a ó pín ara wa sí ọ̀wọ́ ọ̀wọ́.

Mo ti dáwọ́ rírán àwọn ọmọ lọ mú ọ̀pọ̀lọ́ tí a ó là wo inú rẹ̀ wá dúró. Èpìyà tí wọ́n ti pa fún jíjẹ ni mò ń rà lọ́jà Olúwo. Òótọ́ ni pé ọkàn ọ̀pọ̀lọ́ ní yàrá mẹ́ta, tí ti ẹja sì ní méjì péré. Àwòrán ni olùkọ́ fi ń ṣàlàyé ìyẹn. Fún ọmọ tó ń lo àga onítáyà, mo ní kí káfíńtà gé ẹsẹ̀ tábìlì kan kúrú ni.

Ọmọkùnrin kan wà ní SS2 tí gbogbo wa gbà pé kì í fọkàn sí iṣẹ́, nítorí kì í mọ ìgbà tí methyl orange bá kúrò ní àwọ̀ ìyeyè bọ́ sí àwọ̀ ọsàn. Àwọ̀ yẹn ló ń fi hàn pé ásíìdì tí a ń kán sínú álíkálì, irú kẹ́míkà bíi kọ́sítíìkì, ti tó. Ásíìdì rẹ̀ a máa kọjá ààlà ṣáá. Mo bá a wí rí, ó sì ń dùn mí títí dòní. Ọjọ́ tí ó ní kí n bá òun ṣa ìgò onílébẹ́ẹ̀lì pupa láàrin àwọn aláwọ̀ ewé ni mo tó mọ̀ pé ojú rẹ̀ kì í ya àwọ̀ méjèèjì sọ́tọ̀. Nítorí pé ásíìdì àti álíkálì tí a ń lò jọ lágbára, thymolphthalein, kẹ́míkà mìíràn tí àwọ̀ rẹ̀ ń yí padà, náà lè ṣe iṣẹ́ methyl orange yẹn: búlúù ni nínú álíkálì, bí búlúù náà bá sì ti parẹ́, ó tó dúró. Ìgbà mẹ́ta ni ó ṣe é lọ́jọ́ tí mo gbé e fún un, èsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò sì fi ju 0.10 cm³ lọ yàtọ̀ síra.

Mo ti bó gbogbo lébẹ́ẹ̀lì aláwọ̀ kúrò lára ìgò wa. Lẹ́tà ńlá ni mo fi kọ orúkọ kẹ́míkà sára ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn báyìí.