Óòtì tí Màámi Fi Asẹ́ Sẹ́

Sátidé, ìrọ̀lẹ́.

Láàárọ̀ òní tí mo yà sí ọ̀dọ̀ Màámi ní Muṣin, ẹ̀yìnkùlé ni mo ti bá wọn, tí wọ́n jókòó ti ọpọ́n méjì. Mo kọ́kọ́ rò pé ògì ni wọ́n ń sẹ́, àṣé óòtì tí mo rà fún wọn lọ́sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n rẹ mọ́jú, tí wọ́n lọ̀, tí wọ́n sì ń fi aṣọ asẹ́ sẹ́, tí wọ́n ń da omi rẹ̀ nù. Èérí rẹ̀ ti wà nínú ike kan fún ewúrẹ́ aládùúgbò. Kí n tó kúnlẹ̀ kí wọn tán ni wọ́n ti ní, "Àjọkẹ́, nǹkan tí o rà yìí ń yọ̀ bí ilá. Mo ní kí n fọ ìyọ̀ ara rẹ̀ kúrò."

Mi ò lè bínú, nítorí ọwọ́ tó ti ń sẹ́ ògì láti ìgbà ọmọge kò mọ̀ ju kí ó sẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n ìyọ̀ yẹn gan-an ni dókítà torí rẹ̀ ní kí wọ́n máa jẹ óòtì nígbà tí àyẹ̀wò fi hàn pé kólẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù, ìyẹn ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ wọn, ti pọ̀ jù. Fáíbà, ìyẹn apá oúnjẹ tí inú kì í lè dà, èyí tó ń yòrò nínú omi ni, beta-glucan ni wọ́n ń pè é. Bí ó bá dé inú ìfun, yóò ki bí ewédú, yóò sì wọ́ lára omi òróòro dání bí ó ti ń jáde lọ. Ẹ̀dọ̀ yóò wá ní láti ṣe omi òróòro mìíràn, inú ẹ̀jẹ̀ sì ni yóò ti fa kólẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù tí yóò fi ṣe é. Láti ọdún 1997 ni àjọ FDA tó ń ṣàbójútó oúnjẹ àti oògùn ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti gbà kí àwọn tó ń ta óòtì kọ ọ́ sára páálí pé ó lè dín ewu àrùn ọkàn kù, bí ènìyàn bá ń rí gíráàmù 3 beta-glucan jẹ lójúmọ́, tí ọ̀rá tó máa ń dì kò sì pọ̀ nínú oúnjẹ rẹ̀ yòókù. Gíráàmù 40 óòtì gbígbẹ, ìyẹn nǹkan bí ìdajì ife tíì, ní tó gíráàmù 2 nínú. Màámi ti fọ ọ̀pọ̀ rẹ̀ dànù.

Wọ́n bi mí bóyá àwọn kò kúkú ní rò ó bí àmàlà, gẹ́gẹ́ bí gbogbo Èkó ti ń ṣe báyìí kí ara wọn lè fúyẹ́. Ọ̀rọ̀ òkèlè óòtì yìí ń pa mí lẹ́rìn-ín. Gíráàmù 100 óòtì gbígbẹ ní nǹkan bíi kálórì 380, gààrí náà kò sì jìnnà sí i. Ohun tí óòtì fi jù ú lọ ni fáíbà tó tó gíráàmù 10 àti purotéènì tó lé ní gíráàmù 12, èyí tí gààrí kò ní ju díẹ̀ lọ. Síbẹ̀, mo mọ ìyàwó ilé kan ní Súrùlérè tó máa ń ro tirẹ̀ tó orí ọmọ tuntun, tí yóò fi ẹ̀fọ́ tí epo léfòó lórí rẹ̀ gbé e mì, tí yóò sì máa bi wá ìdí tí búbá rẹ̀ kò fi tú. Èyí tí a bá sì lọ̀ kúnná tún máa ń tètè dà nínú ju èyí tó rí pẹlẹbẹ lọ, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ a sì tètè gòkè.

Èmi náà ti jìyà àṣejù. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, abọ́ méjì ni mo jẹ kí n tó wọ dánfó ní Ojúẹlẹ́gba. Kí a tó dé CMS, inú mi ti wú bí ìlù, mo sì ń wo ojú fèrèsé bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ nínú ọkọ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni ara fi ń mọ fáíbà, omi mímu sì gbọ́dọ̀ bá a rìn.

Ọmọ àbúrò mi tí ooru Èkó máa ń mú ara rẹ̀ yún, inú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tí a bu óòtì lílọ̀ kúnná sí ni a fi ń wẹ̀ ẹ́. Ó ń pẹ̀tù sí ara yíyún, kò wo àrùn awọ sàn.

Ilẹ̀ tútù bíi Rọ́ṣíà àti Kánádà ni óòtì ti ń hù, ìdí nìyẹn tí owó rẹ̀ fi ń ta ni lára. Oníkóńgò ni mo máa ń rà ní ọjà Ojúwoyè, ṣùgbọ́n mo máa ń gbóòórùn rẹ̀ kí n tó sanwó. Òróró wà nínú rẹ̀ ju ti ọ̀pọ̀ ọkà lọ, òróró yẹn sì máa ń bàjẹ́. Torí rẹ̀ ni wọ́n ṣe ń fi ooru omi gbígbóná sè é ní ilé iṣẹ́ kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ. Bí ó bá ti ń rùn bí òróró àtijọ́, mo ti kọjá nìyẹn.

A se òmíràn láìsẹ́. Mo fi ẹja gbígbẹ, àlùbọ́sà àti ata díẹ̀ sí i bí àsáró, kí ìyọ̀ rẹ̀ má baà hàn jù, Màámi sì jẹ ẹ́ tán láìráhùn. Ìgbà tí wọ́n ń fọ abọ́ ni wọ́n yọjú wo ẹ̀yìnkùlé, níbi tí ewúrẹ́ ti ń lá ìdí ike.

"Ó mà ti jẹ oògùn mi tán," ni wọ́n wí.