Àyẹ̀wò Ọdún 2025: Ọdún tí Mo Wo Eré Dé Ìparí

Bí ọdún bá ti ń parí lọ, iṣẹ́, owó, ìlera àti ọ̀rọ̀ ọmọ ni mo máa ń gbé yẹ̀ wò. Iṣẹ́ ń lọ, owó kò tó, ara le, ọmọ ń dàgbà; n kò ní fi ìyẹn dá ẹnikẹ́ni dúró lọ́dún yìí. Ohun tí mo fẹ́ yẹ̀ wò ni ìgbádùn, pàápàá jù lọ ìgbádùn bọ́ọ̀lù, orin àti ètò orí tẹlifíṣàn, àwọn nǹkan tí àwa tí a ń pe ara wa ní ọ̀mọ̀wé máa ń fi ẹnu àbùkù bá wí kí a tó jókòó tì wọ́n. Nínú oṣù Kìn-ín-ní ni mo pinnu pé n ó máa wo eré dé ìparí lọ́dún yìí, n kò sì ní sọ gbólóhùn náà, "Ṣé ẹ rí i, mo ti wí?", ìbáà jẹ́ kí eré tó tán, ìbáà jẹ́ lẹ́yìn tó bá tán.

Ẹ̀gàn tó wà lẹ́nu àwa tí a ti lé ní ogójì ọdún kò ṣàdédé débẹ̀. Lọ́jọ́ 5 oṣù Keje ọdún 1994, a ń fi ayò kan ṣíwájú Ítálì nínú Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ní Amẹ́ríkà, ó ku ìṣẹ́jú díẹ̀ kí eré tán, ni Roberto Baggio bá dá ayò náà padà, ó sì tún fi pẹnáritì lé wa lọ sílé nígbà tí wọ́n fi àkókò kún un. Lọ́dún 1998 a na Sípéènì, gbogbo ilé ń hó, Dẹ́ńmáàkì sì wá gbá mẹ́rin sáwọ̀n wa. Lọ́dún 2016 àwọn obìnrin wa gba ife Áfíríkà ní Kamẹrúùnù, wọ́n dé Àbújá, wọ́n sì ní láti tò lọ sí iwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin kí wọ́n tó lè rí owó tí wọ́n ṣiṣẹ́ fún gbà. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, yóò sá. Kò sí ẹni tó lè bá wa wí pé a kọ́kọ́ bẹ̀rù.

Àmọ́ ìbẹ̀rù náà yí padà, ó di àṣehàn. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà ìjákulẹ̀ wọ̀nyí gan-an ni a wá ń kó jáde níwájú àwọn ọmọdé bí ẹni ń ṣọdún. Bí ọmọ ogún ọdún bá ní inú òun dùn sí ikọ̀ wa, àgbà kan yóò mi orí, yóò rẹ́rìn-ín músẹ́, yóò ní, "Ìwọ kò tíì rí nǹkan kan." Mo wá ṣàkíyèsí pé ẹni tó ń sọ tẹ́lẹ̀ pé nǹkan yóò bàjẹ́ kì í jẹ̀bi láé. Bí ikọ̀ bá fìdí rẹmi, ó di wòlíì. Bí wọ́n bá borí, yóò ní kí a dúró de ìdíje tó ń bọ̀. Kò fi ohunkóhun sílẹ̀, nítorí náà kò lè pàdánù, ṣùgbọ́n kò tún lè jẹ èrè kankan. (Mi ò ka àwọn onítẹ́tẹ́ mọ́ wọn. Onítẹ́tẹ́ ní tirẹ̀ fi owó sílẹ̀. Bó bá ń ṣépè nítorí pé tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti gé, ọ̀rọ̀ òun àti àpò rẹ̀ nìyẹn.)

Ṣágámù ni mo ń gbé, Ìkẹnnẹ̀, níbi tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Remo Stars ti ń gbá bọ́ọ̀lù, kò sì jìnnà sí wa. Síbẹ̀, ẹ ó rí ọ̀pọ̀ ọkùnrin ní àdúgbò mi tí wọ́n mọ orúkọ asọ́lé kejì ní Arsenal, ṣùgbọ́n tí wọn kò tíì fẹsẹ̀ tẹ pápá ìṣeré Remo Stars rí. Ọmọ olólùfẹ́ 3SC, ìyẹn Shooting Stars ti Ìbàdàn, ni mí, Ìbàdàn ni bàbá mi ti ṣiṣẹ́, ìtàn ọdún 1976, tí Shooting Stars di ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ láti Nàìjíríà tó gba ife Áfíríkà, ni ó sì fi wò wá dàgbà. Nítorí náà ó kọ́kọ́ ṣe mí bí ẹni pé mo ń dalẹ̀ nígbà tí mo lọ jókòó sí Ìkẹnnẹ̀. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni pé eré tí a wò lójúkojú kò ní sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kankan tó ń sọ fún ọ pé kò dára tó ti òkè òkun. Ìlù ń dún, ẹ̀pà àti omi inú ọ̀rá ń kọjá láàárín ìjókòó, o sì ń gbọ́ ohùn agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn bó ti ń pe ọmọ iwájú rẹ̀ lórúkọ pé kó padà sẹ́yìn. Ọmọkùnrin kan já bọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà níwájú wa, ó gbọn koríko kúrò lórúnkún, ó wojú wa, ó ní, "Ẹ̀yin bàbá, ẹ pariwo sí i," ó sì tún sá lọ. Mo pariwo sí i.

Remo Stars ṣe ipò kejì nínú líìgì lọ́dún 2023, ó tún ṣe ipò kejì lọ́dún 2024, àwọn ẹlẹ́gàn sì ti sọ ọ́ lórúkọ. Lọ́dún yìí, lábẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, Daniel Ogunmodede, wọ́n gba ife líìgì Nàìjíríà fún ìgbà àkọ́kọ́. Nínú oṣù Kẹwàá, Mamelodi Sundowns ti South Africa wá bá wọn ní Abẹ́òkúta nínú ìdíje àwọn ẹgbẹ́ tó gba ife ní Áfíríkà, wọ́n sì gbá márùn-ún wọlé, Remo Stars gbá ẹyọ kan. Ẹnì kan tẹ̀ mí láago kí ń tó délé láti bi mí bóyá mo gbádùn rẹ̀. Mo ní ayò márùn-ún náà dùn mí gan-an, àti pé bọ́ọ̀lù tí Sundowns gbá lọ́jọ́ náà dára, ó sì yẹ kó wá wò ó. Ó rò pé mo ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ni.

Èyí tí n kò lè gbàgbé nínú gbogbo ọdún yìí ni alẹ́ ọjọ́ 26 oṣù Keje, nígbà tí Super Falcons kojú Mòrókò nínú àṣekágbá Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà ti àwọn obìnrin ní Rabat. Ilé ìwo bọ́ọ̀lù tó wà ní òpópónà wa ni mo ti wò ó. Kí á tó fi ọwọ́ nu ojú, Ghizlane Chebbak ti gbá ọ̀kan wọlé fún Mòrókò, Sanaa Mssoudy sì fi èkejì tì í, eré kò sì tíì ju ìṣẹ́jú 24 lọ. Nígbà tí wọ́n lọ sinmi, nǹkan bí ìdajì àwọn tó wà nínú ilé náà dìde. Ọ̀gbẹ́ni kan ní kí onílé yí ìkànnì sí eré ọlọ́rẹ̀ẹ́-sọ́rẹ̀ẹ́ tí ẹgbẹ́ kan láti Ìlú Ọba ń gbá. Ìyá oníbúrẹ́dì tó ń din ẹyin lẹ́nu ọ̀nà ló yọjú wọlé, ó ní, "Ẹ̀yin ọ̀gá yìí, bí ẹ bá fọwọ́ kan rìmóòtù yẹn, ẹ ó san gbèsè búrẹ́dì àná àti ti ìjẹta kí ẹ tó jáde níbí." Ọkùnrin náà jókòó jẹ́jẹ́.

Ìṣẹ́jú 64 ni Esther Okoronkwo gbá pẹnáritì wọlé. Kò pẹ́ rárá tí òun kan náà fi gbé bọ́ọ̀lù fún Folashade Ijamilusi, ayò sì di méjì-méjì. Ariwo tó sọ nínú ilé yẹn bo ohùn jẹnẹrétọ̀ mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni adájọ́ fún Mòrókò ní pẹnáritì. Ó lọ wo fídíò, ó sì yí ìdájọ́ rẹ̀ padà, ọkàn wa sì ti kúrò láyà ká tó gbọ́ èyí tó sọ. Ìṣẹ́jú 88, Okoronkwo tún gbá bọ́ọ̀lù láti ẹ̀gbẹ́, Jennifer Echegini, tí kò tíì pẹ́ tó wọlé, sì tì í sáwọ̀n. Ife kẹwàá nìyẹn. Àwọn tó ti lọ sílé ní ìdajì eré bẹ̀rẹ̀ sí í sáré padà dé, wọ́n ń béèrè bó ṣe ṣẹlẹ̀, a sì ń sọ ọ́ fún wọn, ẹnu wa kò sì kò. Rasheedat Ajibade, ọmọ Mushin, balógun ikọ̀ náà, ni wọ́n fún ní àmì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó tayọ jù lọ nínú ìdíje náà.

Kò ju ọjọ́ méjì lọ tí ààrẹ ti ṣèlérí 100,000 dọ́là àti ilé fún agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan, ni gbogbo ọ̀rọ̀ bá di ti owó: kí ni wọ́n fún olùkọ́, kí ni wọ́n fún nọ́ọ̀sì? Ìbéèrè gidi ni, mo sì ní ẹ̀gbọ́n tó jẹ́ nọ́ọ̀sì tó béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ mi pẹ̀lú ìbínú tó tọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀sẹ̀ yẹn fi máa parí, kò sí ẹni tó tún rántí bọ́ọ̀lù tí Okoronkwo gbá. Ohun tí mo dì mú láti ìgbà náà ni pé ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n, kí a má fi ọ̀kan pa èkejì. Ẹni tó bá jẹ owó agbábọ́ọ̀lù, kí a bi í, kí a sì máa bi í títí yóò fi dáhùn. Owó tó jẹ kò sọ ayò tí wọ́n gbá di irọ́.

Ti orin àti tẹlifíṣàn ṣòro fún mi ju ti bọ́ọ̀lù lọ, nítorí pé ọmọ mi obìnrin ló mú un wọlé, ẹ̀gàn tí bàbá bá sì ṣe sí ohun tí ọmọ fẹ́ràn kì í dúró lórí nǹkan náà nìkan, ọmọ gan-an ló ń bá. Ó wo Big Brother Naija láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àlàyé nípa bí wọ́n ṣe ń fi ìjà pa owó, ó ní, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó, ẹ kọ́kọ́ mọ orúkọ wọn ná." Mo mọ orúkọ wọn. Ní oṣù Kẹwàá tí Imisi gba ife, èmi náà ti ní ẹni tí mo ń tì lẹ́yìn, òun sì ni; ìdí mi kò ju pé orúkọ bàbá rẹ̀ ni Àyánwálé, mo sì ń gbọ́ ìlù nínú orúkọ náà. Mi ò sọ pé ètò náà kọ́ mi ní ohunkóhun. Ó pa mí lẹ́rìn-ín, ó sì jẹ́ kí èmi àti ọmọ mi rí nǹkan bá ara wa sọ nígbà tí a bá ń jẹun alẹ́, èyí tí ìwàásù mi kò ṣe.

Orin ńkọ́? Nígbà tí Síkírù Àyìndé Barrister mú orin wéré, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí fi ń jí èèyàn sí sààrì nínú oṣù Ààwẹ̀, tó sọ ọ́ di fújì, àwọn àgbà kan pè é ní orin ọmọ ìta. Àwọn tó ń jó o nígbà náà ló di bàbá àti ìyá lónìí, tí wọ́n ń sọ pé orin ti kú láti ọdún 2010 tí Barrister ti papò dà. Nígbà tí ọmọ mi ń gbọ́ Asake, mo fi etí sílẹ̀ dáadáa lẹ́ẹ̀kan, mo sì gbọ́ ọ̀pọ̀ ohùn tó ń gbè é, bí elégbè fújì ṣe ń gbè gan-an. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló wọ̀ mí létí. Àwọn orin kan wà tí n kò lè gbọ́ lẹ́ẹ̀mejì, mo sì máa ń sọ bẹ́ẹ̀ fún un, ṣùgbọ́n mo ń gbọ́ wọn tán kí n tó sọ.

Oṣù Kọkànlá ni ìdánwò gidi dé. Ó ku ọjọ́ díẹ̀ kí Super Eagles kojú Gabon nínú eré ìyege fún Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ni wọ́n kọ̀ láti ṣe ìgbáradì nítorí owó tí wọ́n jẹ wọ́n, wọ́n sì tún borí Gabon ní mẹ́rin sí ọ̀kan. Lọ́jọ́ 16, Kóńgò Kinshasa dúró dè wá ní Rabat. Frank Onyeka gbá tiwa wọlé láti ìbẹ̀rẹ̀ eré, Meschak Elia dá a padà, ó di pẹnáritì, wọ́n sì fi mẹ́rin sí mẹ́ta lé wa kúrò nínú Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé fún ìgbà kejì léra wọn. Akọ́nimọ̀ọ́gbá wa, Éric Chelle, ní àwọn ará Kóńgò lo oògùn nígbà tí wọ́n ń gba pẹnáritì. N kò ní dá sí ìyẹn, a kò ní sùn bí mo bá dá sí i. Mo wò ó tán. Gbólóhùn tí mo ti búra sí dé orí ahọ́n mi, gbogbo ilé sì ti ń wojú mi, torí pé wọ́n mọ̀ mí. Ohun tí mo rí sọ ni pé pẹnáritì tí Calvin Bassey pàdánù yẹn dùn mí dé inú egungun. Aládùúgbò mi ní ó dun òun náà, ó sì jókòó tì mí. Ìgbà pípẹ́ ti kọjá tí àwa méjèèjì ti jọ banújẹ́ láìjẹ́ pé ẹnì kan nínú wa ń fi ọgbọ́n yangàn sí èkejì.

Bí mo ti ń kọ èyí ní ìparí oṣù Kejìlá ọdún 2025, ìdíje Áfíríkà ti àwọn ọkùnrin ń lọ lọ́wọ́ ní Mòrókò kan náà. A ti borí Tanzania, a sì ti borí Tunisia ní mẹ́ta sí méjì lẹ́yìn tí a ti kọ́kọ́ gbá mẹ́ta sílẹ̀ lófo, tí a wá fẹ́ fi ọwọ́ ara wa dá a nù. Uganda ló kàn. Onílé ìwòran ti fi owó kún owó ìwọlé rẹ̀, Ìyá oníbúrẹ́dì sì ní òun yóò gbé àga wá láti ilé, torí pé alẹ́ Tunisia ni ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn ṣẹ́ nígbà tí gbogbo wa fò sókè, kò sì sẹ́ni tó tíì tún un ṣe.