Ẹ Bá Mi Dúpẹ́, Mo Ti Wà Nílé

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi gbé Olúwa ga! Orí ibùsùn ara mi ni mo sùn mọ́jú òní.

Ìròyìn kan tí mo kọ ni àwọn ọlọ́pàá tìtorí ẹ̀ mú mi. Òfin Cybercrimes ti 2015, ìyẹn òfin tó de ìwà ọ̀daràn orí ẹ̀rọ ayélujára, abala 24, ni wọ́n ní mo rú. Bẹ́ẹ̀ wọ́n ti tún òfin yẹn ṣe ní 2024: irọ́ tí èèyàn mọ̀ ní irọ́, tó sì fi ránṣẹ́ láti da ìlú rú tàbí láti fi ẹ̀mí wewu, ló ń bá wí. Èwo nínú ohun tí mo kọ ni irọ́?

Àmọ́ ìbéèrè kan ló já mi láyà jù: "Iléeṣẹ́ wo lò ń bá ṣiṣẹ́?" Mo ní mò ń kọ ìròyìn fún ẹni tó bá gbà á, mò ń ṣàtúnṣe ìwé, mò ń túmọ̀ ìròyìn rédíò, mo sì ń kọ ìwé ètò ìsìnkú. Ọ̀gá ọlọ́pàá náà ní, "O ò níṣẹ́ nìyẹn." Àyà mi já. Ta ló máa wá béèrè mi?

Ẹni tí mò ń pè ní Màmá ló wá. Olóòtú tó kọ́kọ́ fi báírò pupa pa iṣẹ́ mi rẹ́, tó ti fẹ̀yìn tì, tí orúnkún ń dà láàmú. Ó mú lọ́yà dání, ó mú ẹ̀dà lẹ́tà tí mo kọ sí ìjọba ìbílẹ̀ lábẹ́ òfin FOI ti 2011, èyí tó fún aráàlú lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè àlàyé lọ́wọ́ ìjọba, lẹ́tà tí wọn ò fèsì láàárín ọjọ́ 7 tí òfin là kalẹ̀. Ó ní, "Ọ̀dọ̀ mi ló ti kọ́ṣẹ́. Tẹ́ ẹ bá ń wá ọ̀gá rẹ̀, èmi rèé." Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì wọn títí ilẹ̀ fi ṣú. Kò jẹun, kò mu omi, àfi ìgbà tí wọ́n fún mi ní béèlì.

Ẹ̀yin olóòtú tẹ́ ẹ ti ń gba ìròyìn lọ́wọ́ mi látọdúnmọ́dún, tẹ́ ẹ wá ń sọ pé ẹ ò mọ̀ mí, mo gbọ́. Owó mi ṣì wà lọ́wọ́ yín o.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ dá ṣiṣẹ́ yìí, ẹ máa fi ẹ̀dà gbogbo lẹ́tà yín pamọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ẹ há nọ́ńbà lọ́yà sórí, torí fóònù ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbà.

Ẹ̀yin tí ìwé yín wà lọ́dọ̀ mi, mo ti padà sídìí ẹ̀. Màmá, ẹ ṣé gan-an ni. Ẹ ó jèrè wa o, orúnkún yẹn á sàn láṣẹ Èdùmàrè.