Síkúrù kọ́fà kílọ́ọ̀ṣì

Kò sí ohun tó ń dùn mí lára alùpùpù àlòkù tó orí síkúrù tó ti jẹ. Wọ́n lè fọ ẹńjìnnì mọ́ tóní, kí wọ́n kun táǹkì ní ọ̀dà tuntun, àmọ́ ẹni tó bá wo orí síkúrù á mọ irú ọwọ́ tó ti kan alùpùpù náà.

Honda CG125 tí mo ń gùn ni mo ń sọ, irú èyí tí wọ́n ti ń ṣe láti 1976. Kọ́fà kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ti ń jo epo, òní Sátidé ni mo sì fi tú u kí n lè pààrọ̀ pákíìnì tó ń dí àárín kọ́fà àti ẹńjìnnì. Pákíìnì kì í ṣe nǹkan bàbàrà. Síkúrù ni iṣẹ́. Orí méjì nínú wọn ti jẹ: ihò tó yẹ kó rí bí àgbélébùú ti di kòtò róbótó.

Ohun tó fà á kò jìnnà. Ilẹ̀ Japan ni Honda ti wá, síkúrù tiwọn sì ní òṣùwọ̀n tirẹ̀ tí wọ́n ń pè ní JIS. Sukudíráfà sítà tó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ wa, ti Phillips ni, èyí tí Henry Phillips gba ìwé àṣẹ lé lórí ní Amẹ́ríkà ní 1936. Ojú lásán kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀, ṣùgbọ́n ẹnu Phillips kì í kanlẹ̀ nínú ihò JIS. Bí a bá ti fi agbára yí i, ṣe ló máa ń gòkè bọ̀, á sì máa họ etí ihò náà lọ. Ọ̀pọ̀ síkúrù JIS ló ní àmì róbótó tíntín kan lórí. Ẹ wò ó dáadáa kí ẹ tó mú irinṣẹ́.

Èkejì ni pé irin ni síkúrù, alumíníọ̀mù ni ẹńjìnnì. Bí omi bá ń wọ àárín àwọn méjèèjì lọ́dọọdún, alumíníọ̀mù á máa hu ìyẹ̀fun funfun sínú tíréèdì (ìlà tó yí ara síkúrù àti inú ihò rẹ̀ po), ìyẹ̀fun yẹn ló sì ń di síkúrù mú pinpin.

Láti alẹ́ àná ni mo ti po kẹrosíìnì mọ́ epo ẹńjìnnì díẹ̀, tí mo ń kán an sí ìdí wọn. Láàárọ̀, mo fi abẹ́rẹ́ yọ ìdọ̀tí inú ihò, mo tan ẹńjìnnì títí ó fi gbóná, mo sì fa epo inú rẹ̀ jáde. Alumíníọ̀mù máa ń fẹ̀ tó ìlọ́po méjì irin bí ooru bá mú wọn, nítorí náà ihò á fẹ̀ díẹ̀ ju síkúrù lọ. Ìwọ̀nba díẹ̀ yẹn tó láti ṣí ọ̀nà fún kẹrosíìnì.

Ẹ̀gbọ́n kan tó ń tún ọ̀kadà ṣe ládùúgbò wa yà kí mi. "Àbúrò, gbé ṣísù wá, jẹ́ kí n gbá a yí fún ẹ."

"Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rọra bá a ṣe é."

N kò bá wọn wí. Ọlọ́kadà tó dúró tì wọ́n létí títì ń wá owó ọjọ́, kò sẹ́ni tó máa fi kẹrosíìnì sílẹ̀ di ọjọ́ kejì fún un. Ṣísù, irin ẹlẹ́nu pẹlẹbẹ tí wọ́n ń fi òòlù gbá, máa ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́. Àmọ́ kọ́fà tó bá sán nítorí rẹ̀, síkúrù ọgọ́rùn-ún kò lè rà á padà.

Mo mú impact driver, irin tó jẹ́ pé bí a bá fi òòlù lu ìdí rẹ̀, ẹnu rẹ̀ á tẹ̀ mọ́lẹ̀, á sì yí lẹ́ẹ̀kan náà. Títẹ̀ yẹn gan-an ni àṣírí iṣẹ́ yìí, torí òun ni kì í jẹ́ kí ẹnu irinṣẹ́ gòkè bọ̀. Mo fi ẹnu JIS sí i, mo gbá a. Èyí àkọ́kọ́ ké "kà!", ó sì tú.

Èkejì kò dáhùn, torí kò sí ihò tí yóò di irinṣẹ́ mú mọ́. Mo fi pọ́ńṣì sàmì sí àárín rẹ̀ gan-an, mo sì fi dírílì ẹnu mílímítà 6 lu orí rẹ̀ kúrò. Ibi tó dùn mọ́ mi jù nìyí. Orí síkúrù ló ń tẹ kọ́fà mọ́ ẹńjìnnì, òun ni gbogbo ìfà inú rẹ̀ dúró lé. Bí orí bá ti lọ, ìfà náà dópin. Nígbà tí mo gbé kọ́fà kúrò, kùkùté rẹ̀ yọ síta, mo fi báìsì gíríìpù mú un, ó sì ń yí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

Ká ní ó kán mọ́ inú ni, ọ̀dọ̀ wẹ́dà ni mi ò bá gbé e lọ, kó jó nọ́ọ̀tì mọ́ ọn, lẹ́yìn tí a bá ti tú wáyà bátìrì. Mi ò fẹ́ràn extractor, irin tí wọ́n fi ń fa síkúrù tó kán jáde, fún síkúrù kékeré. Irin rẹ̀ le gan-an, bó bá kán sínú ihò, dírílì lásán kò lè jẹ ẹ́.

Síkúrù alẹ́ńkì M6 ni mo fi rọ́pò gbogbo wọn. Mo fi tap, irin tí wọ́n fi ń la tíréèdì sínú ihò, nu tíréèdì mọ́, mo fi gíríìsì oníbàbà fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ sí wọn, mo sì ń dè wọ́n ní ìdàkejì-ìdàkejì, bíi Nm 10 (ìwọ̀n agbára tí a fi yí i), kì í ṣe jù bẹ́ẹ̀. Pákíìnì ti wọlé, epo ti wọlé, kò sì tíì kán sílẹ̀.

Ó ku síkúrù abẹ́ kabúrétọ̀, orí tiwọn náà ti ń jẹ. Ara kabúrétọ̀ kò gba òòlù rárá, nítorí náà mo ti kán kẹrosíìnì sí wọn nírọ̀lẹ́ yìí. Lọ́la lẹ́yìn ìsìn ni màá fi ẹnu JIS kékeré gbìyànjú wọn.