Ohun tí mo kọ́ nídìí àpò owó míṣọ̀n

Ẹ̀yin ará, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti fi mí ṣe akápò ìgbìmọ̀ míṣọ̀n nínú ìjọ wa ní Òmù-Àrán. Èlùbọ́ ni mò ń tà, ojoojúmọ́ ni mò ń ka owó, owó kíkà kì í dẹ́rù bà mí. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni bí ìjọ ṣe ń fi ìlù àti ijó rán ènìyàn lọ sí pápá iṣẹ́ míṣọ̀n, tí ọdún ò ní yípo tí kò fi ní sẹ́ni tó ń béèrè wọn mọ́. Bí ìjọ yín bá ń gbèrò láti máa gbọ́ bùkátà míṣọ́nnárì, tàbí tí ẹ ti ń ṣe é, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Owó kékeré tí kì í yẹ̀ ló ń gbé wọn ró. Owó ńlá tó ń wá nígbà tó bá wù ú kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ tó bẹ́ẹ̀, torí pé ebi kì í dúró de ìpàdé ọlọ́dọọdún.

Ní agbègbè wa níbí, gbogbo wa la mọ ìgbà tí owó máa ń wà lọ́wọ́ ènìyàn. Láti nǹkan bí oṣù kejì títí dé oṣù kẹrin, kaṣú ti ń bọ́, àwọn tó ń rà á ti gbé òṣùwọ̀n kalẹ̀ sí oríta gbogbo, kódà ọmọdé ń rí owó ṣa. Tó bá wá di oṣù kẹfà, iṣu ọdún tó kọjá ti tán, tuntun ò tíì jáde, oko sì ń gba owó lọ́wọ́ onílé. Bí ẹ bá ní kí àwọn ará máa san iye kan náà lóṣooṣù, àsìkò òjò yìí ni ìwé ẹ̀jẹ́ yín máa ṣófo, àsìkò òjò yìí náà sì ni ọ̀wọ́n oúnjẹ máa ń mú àwọn tó wà ní pápá jù. Nítorí náà, àkókò kaṣú làwa ń gba ẹ̀jẹ́ míṣọ̀n. Ẹni tó bá lè san ti odindi ọdún, á san án. Ẹni tí kò ní owó lọ́wọ́, á gbé kaṣú wá nínú àpò, a ó wọ̀n ọ́n lójú rẹ̀, a ó tà á, a ó sì kọ iye tó pa síwájú orúkọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà la ó pín gbogbo rẹ̀ sí ọ̀nà méjìlá, a ó sì máa fi ránṣẹ́ lóṣù lóṣù. Àwọn opó méjì kan wà nínú ìjọ wa tí àpò kaṣú wọn kì í kún, síbẹ̀ wọn kì í pa ọdún kan jẹ. Bí mo bá ń ka orúkọ wọn sókè lọ́jọ́ Ìsinmi, ara mi máa ń yá gágá.

Ẹ jẹ́ kí owó yìí ní àkáǹtì tirẹ̀, kí ènìyàn méjì máa fọwọ́ sí i kó tó jáde. Mo ń fi gbogbo ara sọ èyí. Páànù ilé ìjọsìn á jò, jẹnẹrétọ̀ á bàjẹ́, ẹnìkan á sì dìde nínú ìpàdé pé ká yá díẹ̀ nínú owó míṣọ̀n, pé tí ìkórè bá dé a ó dá a padà. Ọ̀rọ̀ náà máa ń bọ́gbọ́n mu létí, nítorí pé àwa tí òjò ń kán sí lórí la jókòó sí ìpàdé. Ẹni tí owó tọ́ sí kò sí níbẹ̀ láti sọ tẹnu rẹ̀. Akápò ló gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹnu fún un. Èmi kì í gbà, ẹni tó bá fẹ́ bínú sí mi, kó bínú. Wọ́n ti bá mi dé ọ̀dọ̀ pásítọ̀ lórí ẹ̀, pásítọ̀ sì dúró tì mí.

Ẹ máa tún iye tí ẹ ń fi ránṣẹ́ yẹ̀ wò lọ́dọọdún. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023, owó ọkọ̀ ti gbẹ́nu sókè, oúnjẹ tẹ̀ lé e. Ìjọ tó ṣì ń fi iye tó ń fi ránṣẹ́ ṣáájú ìgbà náà ránṣẹ́ ti gé owó wọn kù, bí kò tilẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu. Míṣọ́nnárì kò sì ní pè yín láti bèèrè àfikún, ojú á máa tì í. Ẹ̀yin ni kí ẹ bi í pé èló ni wọ́n ń ta mudù àgbàdo kan lọ́dọ̀ yín báyìí.

Ẹ lọ bẹ̀ wọ́n wò. Àwọn tiwa wà láàárín àwọn Ìbàrìbá, lápá òkè Kwara lọ́hùn-ún. Ẹni tó bá ti gba ojú ọ̀nà Bódè Sáádù lọ sí Kàyámà rí mọ irú ọ̀nà tí mò ń sọ. Lálẹ́ ọjọ́ tí a débẹ̀, lẹ́yìn tí a jẹun tán, ìyàwó míṣọ́nnárì wa mú ìwé kékeré kan tí èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya jáde. Apá kan ìwé náà, gbèsè ló kọ síbẹ̀: àgbàdo, ọṣẹ, oògùn ibà ọmọ, àti ọjọ́ tí ó máa san án tí álẹ́ẹ̀tì bá wọlé. Apá kejì, orúkọ wa ni. Orúkọ àwa ará ìjọ, lọ́kọ̀ọ̀kan, àti ohun tó ń gbàdúrà lé lórí fún kálukú: orúnkún ìyá àgbà tó ń kó wa jọ fún àdúrà òwúrọ̀, ọmọ tó ń wá àyè sí yunifásítì, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tó wà ní kóòtù. Ó ṣí i dé ọ̀dọ̀ mi. Ó ní, “Màmá, ẹ ṣeun. Ọmọ yín obìnrin tẹ́ ẹ ní ó lóyún, ṣé ó ti bí?”

Ọmọ tó bí ti ń rìn nígbà náà. Orí fóònù ni mo ti kàn mẹ́nu ba oyún ọ̀hún, nígbà tí à ń sọ̀rọ̀ owó, kò sì sẹ́ni tó tún dárúkọ rẹ̀ fún un. Òun ń gbé e lọ síwájú Ọlọ́run láti ìgbà yẹn. Ẹ̀yin ará mi, ohun tí mò ń sọ nìyí. Ìròyìn tí à ń bèèrè lọ́wọ́ wọn pọ̀, èyí tí à ń fún wọn kò tó nǹkan. Láti ìgbà tí a ti dé, akọ̀wé wa ń fi ohùn ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp ní ìparí oṣù: ta ló bímọ, ta ló kú, àdúrà wo ló gbà. Tí nẹ́tíwọ̀kì bá rí wọn, wọ́n á gbọ́ ọ.

Ẹ má sì fi iye ọkàn tí wọ́n jèrè dán wọn wò. Ìwé tí àwọn ìjọ kan ń fi ránṣẹ́ sí pápá dà bí ìwé oníṣòwò: mélòó lẹ batisí, mélòó ló ń wá? Ní ọdún 1893, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta, Walter Gowans, Thomas Kent àti Rowland Bingham, gúnlẹ̀ sí Èkó. Àwọn méjì àkọ́kọ́ gba òkè ọya lọ, Bingham dúró sí Èkó láti máa fi ẹrù ránṣẹ́ sí wọn. Kí ọdún 1894 tó parí, Gowans àti Kent ti kú, Bingham sì padà sílé láìní ìjọ kan tó lè nawọ́ sí. Ó di ọdún 1902 kí ẹgbẹ́ wọn, SIM, tó rí ibùdó tó dúró, ní Pàtígi láàárín àwọn Tápà, ní Kwara tiwa yìí. Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ ọ̀hún dé ọ̀dọ̀ àwa Ìgbómìnà, tí ìjọ ECWA fi wà, tí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn pásítọ̀ fi wà ní Ìgbàjà. Ká ní àwọn tó ń ti Bingham lẹ́yìn wo iye ọkàn ní 1894, tí wọ́n sì di àpò wọn, ta ni ì bá wá sọ́dọ̀ wa? Ènìyàn lè lo ọ̀pọ̀ ọdún kó tó gbọ́ èdè Ìbàrìbá dáadáa, ká má tíì sọ pé kó fi wàásù.

Ọ̀rọ̀ àwòrán. Lẹ́yìn tí àwọn agbébọn ya wọ ilé ìjọsìn ní Eruku, ní Kwara yìí, ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, tí wọ́n kó àwọn olùjọsìn lọ, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tún máa gbé orúkọ abúlé míṣọ́nnárì àti ojú àwọn ọmọ rẹ̀ sórí Facebook. Ẹ fi àwòrán hàn nínú ìjọ, kó parí síbẹ̀.

Bí ìjọ yín bá ń gba ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ kan rán wọn, bí EMS, ẹgbẹ́ míṣọ̀n ti ìjọ ECWA, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1948, tàbí CAPRO tí àwọn ọ̀dọ́ ọmọ Nàìjíríà dá sílẹ̀ ní Sáríà ní 1975, ẹ bá ọ́fíìsì wọn sọ̀rọ̀ kí ẹ tó máa fi owó ránṣẹ́ tààrà. Ìjọ tí kò lágbára láti dá ẹnìkan gbọ́ lè para pọ̀ mọ́ ìjọ méjì mìíràn. Aṣọ àlòkù tí ẹ ò lè wọ̀ jáde nílé yín, ẹ má dì í fún wọn.

Àwọn ọmọ ńkọ́? Bí ọmọ bá tó lọ sí girama, tí kò sì sí girama gidi nítòsí, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ míṣọ́nnárì ti ń di ẹrù padà. Kì í ṣe àìnígbàgbọ́, òbí ni wọ́n. Ìdílé kan nínú ìjọ wa gba àkọ́bí àwọn tiwa sílé, ọ̀dọ̀ wọn ló ń gbé lọ sílé-ìwé ní Òmù-Àrán níbí, ìjọ sì ń san owó ilé-ìwé. Bàbá ilé ọ̀hún kì í pè é ní àlejò, oko kan náà ni ọmọ náà àti àwọn ọmọ ilé jọ ń lọ ní Sátidé.

Ohun tó kù tí à ń lé kiri báyìí ni ọjọ́ ogbó wọn. Ẹni tó lo gbogbo agbára rẹ̀ níbi tí kì í ṣe ìlú rẹ̀, tí owó oṣù rẹ̀ kò tó fi pamọ́, níbo ló máa sinmi sí? Ìgbìmọ̀ wa ti ra ilẹ̀ kékeré kan ní orúkọ ọkọ àti ìyàwó, nítorí àwọn méjèèjì la rán. Ìpìlẹ̀ ti wà nílẹ̀. Owó búlọ́ọ̀kù la ń wá lọ́dún yìí.