Wákàtí tí ẹ ní ní èbúté kò tó iye tí wọ́n kọ sínú ìwé

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí mo kọ́ nípa ọkọ̀ ìgbafẹ́ orí omi ni pé ìwé ètò ìrìn-àjò kì í purọ́, àmọ́ kì í sọ gbogbo rẹ̀ tán. Tí wọ́n bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọkọ̀ yóò wà ní èbúté láti aago 8 àárọ̀ sí aago 6 ìrọ̀lẹ́, wákàtí 10 ni ojú ń rí. Ẹ má fi wákàtí 10 ṣètò ohunkóhun. Aago 8 ni ọkọ̀ gúnlẹ̀. Wọ́n á ṣì so okùn, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ibẹ̀ á yẹ ìwé ọkọ̀ wò, kí wọ́n tó jẹ́ kí èrò sọ̀ kalẹ̀. Ìyẹn lè gba ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ó sì lè gba wákàtí kan. Ní ìrọ̀lẹ́ ẹ̀wẹ̀, aago 6 ni ọkọ̀ ń ṣí. Aago tí èrò ìkẹyìn gbọ́dọ̀ ti wọlé sábà máa ń fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú rẹ̀, níbòmíràn wákàtí kan. Tí ẹ bá tún fi wákàtí kan ààbọ̀ sílẹ̀ nítorí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ àti ohun tí ẹnikẹ́ni kò rò tẹ́lẹ̀, ó kù bíi wákàtí 7. Orí wákàtí 7 yẹn ni kí ẹ gbé ètò yín kà.

Láti ẹ̀yìn ni mo ti máa ń ṣírò. Ẹ kọ aago wíwọlé ìkẹyìn sílẹ̀, ẹ yọ wákàtí kan ààbọ̀ kúrò nínú rẹ̀, kí ẹ tún yọ iye àkókò tí ọ̀nà àbọ̀ ń gbà. Aago tó bá kù ni ẹ gbọ́dọ̀ fi ibi tí ẹ lọ wò sílẹ̀, ìbáà jẹ́ pé ìgbà yẹn gan-an ni ibẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dùn. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń to àárọ̀ wọn létòlétò, wọ́n á wá fi àbọ̀ sílẹ̀ fún orí. Bẹ́ẹ̀ ìrọ̀lẹ́ ni ojú ọ̀nà ń dí, ìgbà náà sì ni gbogbo èrò inú ọkọ̀ mẹ́ta ń wá takisí lẹ́ẹ̀kan náà.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wo ibi tí ọkọ̀ ń gúnlẹ̀ sí gan-an. Wọ́n lè kọ Róòmù sínú ìwé, Civitavecchia ni ẹ máa bá ara yín, ó lé ní kìlómítà 70 sí Róòmù. Le Havre ni wọ́n ń pè ní Paris, ó tó nǹkan bíi kìlómítà 200. Warnemünde ni wọ́n ń pè ní Berlin, ọ̀nà rẹ̀ ń gba bíi wákàtí mẹ́ta ní àlọ nìkan. Livorno ni ti Florence, Laem Chabang ni ti Bangkok. Ní ti Venice, láti oṣù kẹjọ ọdún 2021 ni ìjọba Ítálì ti lé àwọn ọkọ̀ ńláńlá kúrò lójú omi tó gba àárín ìlú náà kọjá, nítorí náà ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí wọ́n ní Venice ni wọ́n ń lọ, Ravenna tàbí Trieste ni wọ́n ń lọ gúnlẹ̀ sí. Kí ẹ tó sanwó, ẹ wá orúkọ èbúté náà, kì í ṣe ti ìlú, kí ẹ fi sórí máàpù.

Èrò tèmi ni pé Berlin láti Warnemünde kò bójú mu àfi tí ọkọ̀ bá dúró di alẹ́. Wákàtí mẹ́fà nínú bọ́ọ̀sì tàbí rélùwéè nítorí wákàtí mẹ́ta nínú ìlú! Rostock wà nítòsí, rélùwéè ń dé ibẹ̀ láàárín bíi ogún ìṣẹ́jú. Bákan náà ni Le Havre: Honfleur wà ní òdìkejì odò Seine, Rouen sì wà lójú ọ̀nà Paris. Ẹni tó bá lọ sí ọ̀kan nínú méjèèjì yóò rí nǹkan wò ju ẹni tó sáré lọ sí Paris, tó ya fọ́tò kan, tó sì sáré padà.

Róòmù ṣeé lọ láti Civitavecchia, tí ẹ bá mọ̀ ọ́n ṣe. Bọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́ wà nínú èbúté tó ń gbé èrò láti ẹ̀bá ọkọ̀ lọ sí Largo della Pace. Láti ibẹ̀, ẹ lè wọ bọ́ọ̀sì ìlú tàbí kí ẹ fẹsẹ̀ rìn bíi ogún ìṣẹ́jú dé ibùdó rélùwéè. Rélùwéè àdúgbò ni kí ẹ wọ̀, kì í ní ìjókòó tí wọ́n yàn fúnni. Tó bá jẹ́ Vatican ni ẹ ń lọ, Roma San Pietro ni kí ẹ sọ̀ sí, láìpé wákàtí kan ẹ ti dé ibẹ̀. Ẹ má bá a lọ dé Termini, ibùdó rélùwéè ńlá Róòmù, kí ẹ tó máa wá ọ̀nà padà sẹ́yìn. Tíkẹ́ẹ̀tì kan wà tí wọ́n ń pè ní BIRG, ó kárí rélùwéè àdúgbò yìí àti bọ́ọ̀sì òun rélùwéè abẹ́lẹ̀ Róòmù títí di ọ̀gànjọ́ òru. Tó bá jẹ́ ti bébà, ẹ gbọ́dọ̀ tì í bọ ẹ̀rọ kékeré tó wà ní ibùdó kó lù ú ní òǹtẹ̀ kí ẹ tó wọlé, torí wọ́n lè bu owó ìtanràn lé ẹni tó ní tíkẹ́ẹ̀tì tí kò ní òǹtẹ̀. Fún àbọ̀, rélùwéè tó fi méjì ṣáájú èyí tí ì bá ṣì gbé yín débẹ̀ lásìkò ni kí ẹ fojú sùn. Kí ẹ sì wò ó bóyá ìyanṣẹ́lódì wà lọ́jọ́ náà. Wọ́n sábà máa ń kéde rẹ̀ ṣáájú ní Ítálì.

Ọjọ́ inú ọ̀sẹ̀ tún wà níbẹ̀. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Vatican máa ń tì ní ọjọ́ Àìkú, àyàfi èyí tó kẹ́yìn oṣù. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Louvre ní Paris kì í ṣí ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ti Uffizi ní Florence kì í ṣí ní ọjọ́ Ajé. Ọkọ̀ kì í wo èyí kó tó yan ọjọ́ tí yóò gúnlẹ̀.

Ibi tó ń da ètò rú jù ni èbúté tí ọkọ̀ ńlá kò lè sún mọ́. Á ju ìdákọ̀ró sínú omi, ọkọ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní tẹ́ńdà á sì máa kó èrò díẹ̀díẹ̀ lọ sí etíkun. Bẹ́ẹ̀ ló rí ní Santorini, erékùṣù kan ní Gíríìsì, ní George Town ní Grand Cayman, àti ní Belize City, níbi tí omi kò ti jìn tó tí ọkọ̀ fi ń dúró sí òkèèrè réré. Ìwé ètò yín máa sọ bóyá tẹ́ńdà ni. Àwọn tó ra ìrìn-àjò orí ilẹ̀ lọ́wọ́ ọkọ̀ ló ń kọ́kọ́ sọ̀. Ẹ̀yin yòókù, ẹ máa gba nọ́ńbà láàárọ̀, ẹ ó sì dúró de ìgbà tí wọ́n bá pè yín. Tí ẹ bá ti bá afinimọ̀nà kan ládùúgbò ṣàdéhùn fún aago 9, ó ṣeé ṣe kí aago 10 bá yín lórí ìjókòó nínú ọkọ̀. Ẹ fi àdéhùn sí wákàtí kan ààbọ̀ ó kéré tán lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá dé. Aago tẹ́ńdà ìkẹyìn ni gbèdéke yín níbẹ̀. Ẹni tó ń lo kẹ̀kẹ́ nítorí ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ béèrè ṣáájú, torí tí ìgbì bá ń ru, àwọn atukọ̀ lè ní ewu wà níbẹ̀, kí wọ́n sì ní kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́.

Santorini nìkan tó sọ̀rọ̀ lé lórí. Ìsàlẹ̀ òkè gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni tẹ́ńdà ń já èrò sí, ìlú Fira sì wà lókè téńté. Ọ̀nà mẹ́ta ló gòkè: ọkọ̀ orí wáyà, àtẹ̀gùn tó lé ní 580 tí ẹ máa fẹsẹ̀ gùn, tàbí ẹ̀yìn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Orí àtẹ̀gùn kan náà ni kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ń gbà, ìgbẹ́ wọn sì ń yọ̀, ẹ má wọ sálúbàtà. Wàhálà ibẹ̀ wà nígbà àbọ̀: tí ọkọ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin bá wà lójú omi lọ́jọ́ kan náà, ìlà ọkọ̀ orí wáyà lè gba ju wákàtí kan lọ lọ́sàn-án. Ẹni tí orúnkún rẹ̀ bá le lè fẹsẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ láàárín bíi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ lè mọ iye ọkọ̀ tí yóò wà níbẹ̀ ṣáájú: ìkànnì CruiseMapper máa ń tò wọ́n ní ọjọ́ dé ọjọ́, ọ̀pọ̀ èbúté náà sì ń gbé tiwọn jáde.

Aago ọkọ̀ àti aago ìlú kì í fi gbogbo ìgbà bára mu, èyí ló sì ń fi èrò sílẹ̀ ní etíkun jù. Ẹ wo Cozumel ní Mẹ́síkò. Láti ọdún 2015, ìpínlẹ̀ Quintana Roo, tí Cozumel wà nínú rẹ̀, kì í yí aago rẹ̀ padà láàárín ọdún, ṣùgbọ́n Florida ní Amẹ́ríkà ń yí tirẹ̀. Láti oṣù kẹta sí oṣù kọkànlá, ọkọ̀ tó ti Florida wá tí kò yí aago rẹ̀ yóò fi wákàtí kan ṣáájú ìlú náà. Nígbà tí aago ara ògiri ní ṣọ́ọ̀bù bá ń sọ pé 4, aago 5 ti lù nínú ọkọ̀. Fóònù máa ń yí ara rẹ̀ sí aago ìlú láì bi yín. Ẹ de aago ọwọ́ lásán, ẹ fi í sí aago ọkọ̀, kí ẹ má ṣe fọwọ́ kàn án mọ́ àyàfi tí balógun ọkọ̀ bá kéde àyípadà. Tí ẹ bá ń bá awakọ̀ ṣàdéhùn, ẹ sọ ọ́ ní aago ìlú tirẹ̀.

Ṣé ọwọ́ ọkọ̀ ni ẹ ti máa ra ìrìn-àjò orí ilẹ̀, àbí kí ẹ ṣe é fúnra yín? Owó ọkọ̀ sábà máa ń ga jù, bọ́ọ̀sì rẹ̀ sì máa ń kún fún ogójì èèyàn. Ohun tí ẹ ń fi owó náà rà ni pé bí bọ́ọ̀sì bá pẹ́, ọkọ̀ á dúró, tí kò bá sì lè dúró, àwọn ni yóò ṣètò bí ẹ ó ṣe bá a ní èbúté tó kàn. Nítorí náà, tí ibi tí ẹ ń lọ bá ju wákàtí kan lọ sí èbúté, tó bá jẹ́ èbúté tẹ́ńdà, tàbí tó bá jẹ́ èyí tó kẹ́yìn kí ẹ tó lọ wọ bàálù, ẹ rà á lọ́wọ́ ọkọ̀. Ibi tí ìlú bá wà lẹ́nu èbúté, bíi Dubrovnik ní Croatia tàbí Barcelona, owó tí ẹ sọnù ni. Kí ẹ tó san èyí tí ọkọ̀ ń tà, ẹ bi wọ́n bóyá ẹ máa wọ inú ibi tí wọ́n dárúkọ, tàbí bọ́ọ̀sì á kàn gba iwájú rẹ̀ kọjá, àti wákàtí mélòó ni ẹ ó lò ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ń gbé gbogbo èrò lọ. Tó bá jẹ́ afinimọ̀nà àdúgbò, ẹ gba ohun mẹ́ta sílẹ̀ ní kíkọ: ẹnu ọ̀nà èbúté tí yóò ti pàdé yín gan-an, aago tí yóò dá yín padà, àti ohun tí owó yín yóò dà tí ọkọ̀ kò bá gúnlẹ̀.

Ní ti físà, ẹ̀yin tí ìwé ìrìnnà yín nílò rẹ̀, ẹ fara balẹ̀ wo ojú ọ̀nà ọkọ̀. Físà Schengen, èyí tó kárí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù, tó bá jẹ́ ti ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lè bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́ ní àárín ìrìn-àjò: ọkọ̀ kúrò ní Ítálì, ó lọ sí Istanbul ní Tọ́kì tàbí Kotor ní Montenegro, ó wá padà sí Gíríìsì; ìpadà yẹn ti di ìwọlé kejì. Croatia ti wọ Schengen láti ọdún 2023, nítorí náà Dubrovnik kò ka ìjáde mọ́. Ẹ béèrè fún ti ìwọlé púpọ̀. Àwọn ọkọ̀ kan kì í jẹ́ kí èrò wọ̀ rárá tí ìwé rẹ̀ kò bá pé fún gbogbo èbúté, ẹni náà ì báà sọ pé òun kò ní sọ̀.

Nígbà tí ẹ bá ń sọ̀, káàdì yàrá yín ni wọ́n ń fi ẹ̀rọ kà, òun náà ni wọ́n ń wò nígbà àbọ̀, nítorí náà ọkọ̀ mọ ẹni tí kò tíì wọlé. Ẹ mú káàdì náà, ìwé ìdánimọ̀ tó ní fọ́tò, ẹ̀dà ìwé ìrìnnà, oògùn ọjọ́ kan tàbí méjì, àti nọ́ńbà aṣojú ọkọ̀ ní èbúté náà. Inú ìwé ètò ojoojúmọ́ tí wọ́n ń fi sí yàrá tàbí sórí áàpù ni nọ́ńbà yẹn wà. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀. Tí ọkọ̀ bá fi yín sílẹ̀, ẹni yẹn ni ẹ óò pè, kì í ṣe ọkọ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ sábà máa ń ṣí àpótí ìpamọ́ inú yàrá ẹni tó pẹ́, wọ́n á fi ìwé ìrìnnà rẹ̀ sílẹ̀ fún aṣojú. Owó bàálù àti ilé ìtura dé èbúté tó kàn di tiyín, ẹ sì lè nílò físà láti dé ibẹ̀.

Ẹ má mú èso, ẹran tàbí búrẹ́dì inú ọkọ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ní New Zealand, ọsàn kan tí ẹ gbàgbé sínú báàgì tí ẹ kò sì sọ lè mú yín san owó ìtanràn. Fóònù náà ń jẹ owó: tí ọkọ̀ bá wà lójú omi, ó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì tirẹ̀ tó gbówó lórí gan-an, ẹ pa nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù kí ẹ tó kúrò ní èbúté. Ẹ gba máàpù sílẹ̀ ṣáájú, kí ẹ sì fi àmì sí ẹnu ọ̀nà ibi tí ọkọ̀ dúró sí gan-an. Ní Barcelona, ibùdó ọkọ̀ ìgbafẹ́ ju ẹyọ kan lọ, awakọ̀ takisí tó bá gbọ́ “èbúté” nìkan lè gbé yín lọ síbi tí kì í ṣe tiyín.

Balógun ọkọ̀ lè fo èbúté kan nítorí afẹ́fẹ́ tàbí ìgbì, àdéhùn tí ẹ fọwọ́ sí sì fún un lẹ́tọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀. Èbúté tẹ́ńdà ló sábà máa ń kọ́kọ́ lọ. Ìrìn-àjò tí ẹ rà lọ́wọ́ ọkọ̀, owó rẹ̀ á padà, pẹ̀lú owó orí èbúté, tí kì í pọ̀. Ti afinimọ̀nà àdúgbò, ohun tí ẹ bá kọ sílẹ̀ ni ẹ óò gbà. Tó bá jẹ́ pé torí ibì kan ṣoṣo ni ẹ ṣe sanwó ọkọ̀, tí ibẹ̀ sì jẹ́ èbúté tẹ́ńdà, ẹ wá ọkọ̀ tó ń sùn mọ́jú níbẹ̀, tàbí kí ẹ wọ bàálù lọ.